Pẹ́ńsù ní Etí Ìwé

Òjò oṣù Bélú ní Morecambe kì í rọ̀ kó dá.
Ó ń ṣẹ́ winniwinni, ó ń fi ìka kan ṣoṣo kan fèrèsé
bí ẹni tó wá sin gbèsè tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́.
Òkun ti fà sẹ́yìn, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ.
Mo gbé omi tíì kaná, mo fi ìbora bo orúnkún,
mo ṣí ìwé tí mo yá ní ilé ìkàwé:
ìtàn mẹ́sàn-án, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan,
òkú mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó kú ikú Ọlọ́run.

Ìtàn kìíní. Ilé ńlá lórí òkè, yìnyín dí ọ̀nà,
baálé ilé dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife wáìnì.
Àlejò mẹ́fà ń wo ara wọn
bí ológbò tó pàdé lórí ògiri tóóró.
Mo ní kí n máa ṣọ́ ọwọ́ wọn, kí n fi ẹnu wọn sílẹ̀.
Àfi bí mo ṣe dé ojú ìwé kẹta
tí mo rí i ní etí ìwé, pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́:
“Alásè ni.”

Ta ló ń fọ́ ẹyin kí adìyẹ tó sàba lé e?
Mo bínú. Mo jẹ bísíkíìtì méjì tí dókítà ní n má jẹ.
Mo fi ìkanra ka ìtàn náà tán.
Kì í ṣe alásè.
Àbúrò olóògbé ni, ẹni tó ń sunkún jù.

Ìtàn kejì: “Lọ́yà ni. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù.”
Kì í ṣe lọ́yà.
Ìkẹta: “Arọ yẹn ń tàn wá ni, ó lè rìn.” Kò lè rìn.
Ìkẹrin: “Ayékòótọ́ ló rí wọn, ẹ bi í.”
Ayékòótọ́ kú ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.
Ẹ̀rín ti ń pa mí.
Òmùgọ̀ wo ló láyà tó báyìí,
tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò sì wá ọ̀pá?

Mo mú gíláàsì tí mo fi ń ka ara ìgò oògùn.
Ìrù lẹ́tà ‘g’ ká padà bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.
Àbàwọ́n tíì wà níbẹ̀, róbótó,
ti ife tí wọn kò gbé lé àwo.
Ogójì ọdún ni mo fi bá ọkùnrin kan jà lórí àwo.

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà:
oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún kọkànlá sẹ́yìn.
Ilé ìwòsàn Lancaster ni mo wà nígbà náà,
wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lọ́mú mi.

Wilf. Wilfred Threlfall, awakọ̀ bọ́ọ̀sì,
tó ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni ìwé kíkà,
tó ń pa ohùn tẹlifíṣàn lálẹ́ kí n lè kàwé,
tó sì ń béèrè, “Ta ló pa á?”
Màá ní, “Mi ò tíì mọ̀,”
bẹ́ẹ̀ mo ti mọ̀.

Ìkẹjọ: “Dókítà ni. Mi ò fẹ́ràn dókítà kankan lọ́sẹ̀ yìí.”
Ìyàwó dókítà ni.

Ìkẹsàn-án, kò kọ nǹkan kan.
Mo gbé e sún mọ́ iná, mo wá ojú ibi tí rọ́bà pa rẹ́.
Kò sí.
Ṣé ọjọ́ tí mo darí wálé nìyẹn ni?
Àbí ọjọ́ ìdápadà ló lé e bá?
Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ì bá ti kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀,
ì bá ti na ìka.
Ta ni kí èmi kó jọ? Omi tíì pàápàá ti tutù.

Òkun ti ń padà bọ̀, mo ń gbọ́ ọ nínú òkùnkùn.
Ìwé ìjọba ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo mọ̀.
Mo mú pẹ́ńsù, mi ò tíì kà ju ojú ìwé mẹ́ta lọ, mo kọ ọ́:
“Olùṣọ́gbà ni, Wilf. Ìwọ ńkọ́?”
Mo wá gbé ife mi lé orí tábìlì
láìsí àwo.